Ọkàn ọmọ tuntun ń lù 50: ṣé àyà la máa kọ́kọ́ tẹ̀ ni, àbí atẹ́gùn?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní sẹ́ńtà ìlera kan lápá Ìjẹ̀bú-Igbó, ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a gbẹ̀bí ọmọkùnrin kan, ọmọ náà rọ jọwọrọ, kò ké, kò mí. A nù ún, a fọwọ́ ra á lẹ́yìn, kò dáhùn. Mo gbọ́ àyà ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 50 lọ. Mo ti gbé báàgì Ambu, báàgì rọ́bà tá a ń fún láti ti atẹ́gùn sínú ọmọ, lé e lẹ́nu, ṣùgbọ́n mátírọ̀nì wa ní kí n fi báàgì sílẹ̀ kí n máa tẹ àyà ẹ̀ kíákíá torí ọkàn ti fẹ́ dúró. Mo ní mà, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kọ́kọ́ wọlé ná. Mo tún orí ọmọ ṣe, mo tún másíìkì gbé, àyà ẹ̀ wá ń gbéra, kó tó tó ìṣẹ́jú kan ọkàn ẹ̀ ti lé ní 100. Ọmọ yè, ó ń mu ọmú dáadáa. Ṣùgbọ́n mátírọ̀nì ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní mo tàpá sọ́rọ̀ àgbà. Ṣé mo ṣe é re ni mà, àbí orí ló kàn bá mi ṣe é? Ìgbà wo gan-an la máa ń tẹ àyà?"

Àbúrò mi, o káre. Ọmọ yè, ìyá ń fún un lọ́mú, ohun tá a jókòó tì nìyẹn, torí náà má jẹ́ kí inú ẹ bàjẹ́ jù. O ṣe é bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe é, kì í ṣe orí lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní kí orí má bá wa ṣe é o. Ti mátírọ̀nì yín ń bọ̀ nísàlẹ̀, àwọn náà ò burú, ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn nígbà tiwọn ni wọ́n ń lò. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọmọ.

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé ọkàn la gbọ́ tó ń falẹ̀, a wá gbà pé ọkàn ló ń ṣàìsàn. Ó tì o. Ọ̀pọ̀ ìgbà kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkàn ọmọ yẹn, ebi atẹ́gùn ló ń pa á. Nínú oyún, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kì í ṣiṣẹ́ mímí kankan, omi ló kún inú ẹ̀, gbogbo ọ́síjìn tó ń lò, ara ìyá ẹ̀ ló ti ń gbà á, ó ń gba inú ibi ọmọ àti ìwọ́ wọlé. Ọmọ wá bọ́ sílẹ̀, ọ̀nà yẹn dí, ẹ̀dọ̀fóró sì gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, omi gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà kí atẹ́gùn wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀. Ọmọ tó bá figbe ta, igbe yẹn gan-an ló ń ti omi náà kúrò. Ọmọ tí ò ké, omi ṣì wà níbẹ̀, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń wálẹ̀, ọkàn náà á máa fà sẹ́yìn, 120, 100, 80, 50.

Ṣé o mọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí fíltà ẹ̀ ti dí? Ó ń wúkọ́, iná ń ṣẹ́jú, ó fẹ́ kú. Ẹni tí ò mọṣẹ́ á ti gbé sípánà, á ti ń tú ẹ́ńjìnì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á yọ fíltà, á gbọ̀n ọ́n nù, ẹ́ńjìnì yẹn náà á dún bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Bí ọkàn ọmọ ẹ ṣe bọ́ sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. O ò ṣe nǹkan kan fún ọkàn náà, atẹ́gùn lo fún un.

Àgbàlagbà tó ṣubú lulẹ̀ gbàgà lọ́jà Òkè-Ajé, ti ẹ̀ yàtọ̀. Ọkàn tiẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ọ́síjìn ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn tètè máa tẹ àyà irú wọn. Ìyẹn náà là ń rí nínú fíìmù, ìyẹn lọ̀pọ̀ wa sì kọ́kọ́ kọ́, a wá gbé e wá sórí ọmọ tí wọn ò tíì gé ìwọ́ ẹ̀. Tó o bá ń tẹ àyà ọmọ tuntun nígbà tí atẹ́gùn ò wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn lò ń tì kiri ara ẹ̀, o kàn ń rẹ ara ẹ lásán ni.

Ọ̀gbẹ́ni Geoffrey Dawes, onímọ̀ nípa ọmọ inú oyún, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Oxford wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ayé, láwọn ọdún 1960, ọmọ ọ̀bọ ni wọ́n fi wò ó. Ọmọ tí atẹ́gùn ò tó á kọ́kọ́ mí kíákíá, á wá dákẹ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ yìí, tó o bá nù ún tó o fọwọ́ ra á, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà. Tó bá pẹ́ sí i, á tún ya ẹnu bí ẹja tí wọ́n fà jáde lódò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, á tún dákẹ́. Ìdákẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, kò sí ìgbájú, kò sí omi tútù, kò sí orúkọ tó o lè pè é tó máa jí i, àfi kéèyàn bá a ti atẹ́gùn sínú. Ibi tó le sí ni pé ọmọ tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ láìmí, o ò lè fojú mọ èyí tó wà nínú méjèèjì, torí ó lè ti la ti àkọ́kọ́ kọjá nínú ìyá ẹ̀ kó tó jáde. Ìdí tá a fi máa ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ju bíi ìdajì ìṣẹ́jú lọ lórí nínù àti fífọwọ́ra nìyẹn. Kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó pé, báàgì ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọmọ tí kò mí. Àwọn Helping Babies Breathe, ètò tó ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí wọ́n ṣe máa ran ọmọ tí kò mí lọ́wọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ìṣẹ́jú wúrà ni wọ́n ń pe ìṣẹ́jú yẹn, mi ò rò pé wọ́n ṣàsọdùn.

Má sì wá rò pé gbogbo ọmọ ló máa dà bẹ́ẹ̀ o. Nínú ọmọ 100 tó pé oṣù, bíi 85 á mí fúnra wọn, bíi 10 míì á dáhùn tá a bá nù wọ́n tá a fọwọ́ ra wọ́n, bíi 5 ló máa fẹ́ báàgì. Àwọn tó máa wá nílò kí wọ́n tẹ àyà wọn tàbí kí wọ́n fún wọn ní oògùn, ọmọ 1 sí 3 ni nínú 1,000. Wo bí báàgì ṣe ṣe pàtàkì tó sí títẹ àyà. Èèyàn lè gbẹ̀bí ní abúlé fún ọdún púpọ̀ kó má bá èyí tó nílò títẹ̀ pàdé, ṣùgbọ́n èyí tó nílò báàgì, kò ní pẹ́ rí i.

Ọ̀nà tó o gbà ka ọkàn ńkọ́? O kọ "bíi 50", ó dáa, ṣùgbọ́n máa kà á bó ṣe yẹ. Fi stethoscope gbọ́ apá òsì àyà ọmọ, kà á fún sẹ́kọ́ǹdì 6, fi òdo kan tì í. O gbọ́ 5, 50 nìyẹn. O gbọ́ 12, 120 nìyẹn. Àwa kan máa ń fi ìka lu tábìlì bá a ṣe ń gbọ́ ọ, tó, tó, tó, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè máa gbọ́ bó ṣe ń lọ láìjẹ́ pé wọ́n ń bi ẹ́. O lè di ìdí ìwọ́ mú kó o máa fọwọ́ gbọ́ ọ níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń tanni, tó ò bá gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ má sọ pé ọmọ ti kú, lọ gbọ́ àyà. Má dúró de Apgar kankan, ìyẹn máàkì tá a fi ń wọn bí ara ọmọ tuntun ṣe rí. Virginia Apgar tó ṣe é, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà á, ìgbà yẹn ó yẹ kí ọwọ́ ẹ ti wà lórí báàgì.

Ìwọ̀n mẹ́ta péré ni kó o gbé sórí. Tó bá ń mí dáadáa tí ọkàn ẹ̀ sì lé ní 100, gbé e fún ìyá ẹ̀, àyà ìyá ló gbóná jù. Tí kò bá mí, tàbí ó ń ya ẹnu lásán, tàbí ọkàn ẹ̀ wà nísàlẹ̀ 100, báàgì. Tó bá ṣì wà nísàlẹ̀ 60 lẹ́yìn tó o ti fi báàgì fẹ́ atẹ́gùn fún sẹ́kọ́ǹdì 30, TÍ ÀYÀ SÌ Ń GBÉRA, ìgbà yẹn la tó ń sọ̀rọ̀ títẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà ìwọ àti mátírọ̀nì wà. Sẹ́kọ́ǹdì 30 tí àyà ò gbéra, a ò kà á mọ́ ọn, wọ́n ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Màá sọ ti èmi fúnra mi, ìtìjú ni, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà ju ìtìjú lọ. Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwòsàn kan ní Rẹ́mọ tí mi ò ní dárúkọ, òru ọyẹ́ ni, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà lórí iṣẹ́, ó ń fi eyín dì í mú kí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lè ráyè. Ọmọbìnrin, ó tóbi, ó pẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tó bọ́ ó rọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi ẹ̀ dànù, àwọ̀ ẹ̀ dà bí eérú. Mo nù ún, kò sí nǹkan. Mo gbé báàgì, mò ń fún un, ó ń dún fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, ọkàn ẹ̀ lọ láti 7 sí 5 nínú sẹ́kọ́ǹdì 6 yẹn, ẹ̀rù bà mí, mo sọ báàgì sílẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà ẹ̀. Ọ̀gá wa kan tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìntì gbọ́ ariwo, wọ́n wọlé tàwọn ti ìró tí wọ́n fi sùn. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n mú báàgì yẹn, wọ́n gbé ẹnu másíìkì kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọ́n fún un, wọ́n ní, "Kò sí atẹ́gùn kankan níbí." Wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ mi sáré gbé ti tíátà wá. Wọ́n ká ìlédìí sábẹ́ èjìká ọmọ, wọ́n gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè, wọ́n fún báàgì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò gbéra, wọ́n tún másíìkì gbé, lẹ́ẹ̀kẹrin mo fojú ara mi rí àyà ọmọ yẹn tó dìde nínú iná tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n máa fi ìka lu tábìlì. 5. Mo tún gbọ́, 8. Mo tún gbọ́, 12. Àárín ètè ẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà, ó wá ké bí ológbò.

Ilẹ̀ mọ́, a tú báàgì àkọ́kọ́ wò. Rọ́bà kékeré kan wà nínú ẹ̀, ó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, òun ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn lọ sọ́dọ̀ ọmọ dípò kó gba ibòmíì jáde. Kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fọ báàgì tó gbàgbé ẹ̀ sínú bèsìnì ni kò dá a padà. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Torí náà kó o tó gba ìyá èyíkéyìí wọlé, gbé másíìkì lé àtẹ́lẹwọ́ ẹ kó dí pátápátá, fún báàgì, ó yẹ kó o mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ti ọwọ́ ẹ, kó o sì gbọ́ fáàfù ẹ̀ tó ń ṣí tó o bá fún un le. Tú u sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kún padà kíá. Sẹ́kọ́ǹdì 10 ni gbogbo ẹ̀. Báàgì ọmọ tuntun sì ni o, kì í ṣe ti àgbà, àti másíìkì tó bo ẹnu àti imú tó dúró létí àgbọ̀n láì gun ojú, nọ́ńbà 1 fún ọmọ tó pé oṣù, 0 fún èyí tó kéré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni orí. Ẹ̀yìn orí ọmọ tuntun tóbi, tó o bá tẹ́ ẹ lé tábìlì lásán ọrùn ẹ̀ á ká, ọ̀nà ọ̀fun á dí. Aṣọ tó ga díẹ̀ lábẹ́ èjìká ti tó, kí imú ẹ̀ kọjú sókè bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti ìdáná aládùúgbò, kò gbọ́dọ̀ fi àgbọ̀n kan àyà, kò sì gbọ́dọ̀ da orí sẹ́yìn jù, torí yẹn náà ń dí ọ̀nà. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ẹ á tẹ másíìkì mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, ìka mẹ́ta yòókù á gbá egungun àgbọ̀n mú kó gbé e SÓKÈ wá bá másíìkì, kì í ṣe pé kó o máa ti másíìkì mọ́ ojú ọmọ bí ẹni ń tẹ fùfú. Má jẹ́ kí ìka wọ abẹ́ àgbọ̀n níbi tó rọ̀. Wá máa kà á lẹ́nu, "fún un, méjì, mẹ́ta, fún un, méjì, mẹ́ta," ìyẹn á fún ẹ ní 40 sí 60 nínú ìṣẹ́jú kan. Fún un kí àyà kàn gbéra bíi ti ọmọ tó ń sùn. Àwọn ìmí àkọ́kọ́ lè le díẹ̀ torí omi ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n tó o bá ń fún un bí ẹni ń fọ́n táyà kẹ̀kẹ́, o lè bẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà míì nìyẹn.

Tí àyà ò bá gbéra, má tíì ronú ọkàn, ọwọ́ ẹ ni kó o wò. Tún másíìkì gbé. Tún orí ṣe. Wo ẹnu bóyá ìdọ̀tí wà níbẹ̀, fà á, lẹ́yìn ìyẹn imú. Ṣí ẹnu ọmọ díẹ̀ lábẹ́ másíìkì. Fún báàgì le díẹ̀ sí i. Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, níbi tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá wà, wọ́n á ki túúbù tàbí másíìkì ọ̀fun bọ̀ ọ́. Ìwọ, o ti ṣe méjì àkọ́kọ́ nínú àwọn yìí láìsí ẹni tó sọ fún ẹ, àyà bá gbéra. Ìyẹn nìkan ló mú ọmọ yẹn wá sáyé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kò sí sílíńdà, ẹ gbọ́ o, ọmọ tó pé oṣù, atẹ́gùn inú yàrá lásán la fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Tí ẹ bá sì ní ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn lọ́wọ́ ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ má sì jáyà, ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe gan-an, 60 sí 65 nínú 100 ni ọ́síjìn ti ẹ̀ máa ń wà ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó lè tó ìṣẹ́jú 10 kó tó dé 85 sí 95. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ṣì dú díẹ̀ kì í ṣe ìdí láti máa sáré kiri.

Fífa omi imú náà, mo fẹ́ dúró lé e díẹ̀ torí ó kan ọkàn tó ń falẹ̀ yìí gan-an. Tẹ́ ẹ bá ki rọ́bà jìn sí ọ̀fun ọmọ, ó ń kan ẹ̀yìn ọ̀fun, iṣan kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ọkàn pé kó rọra. Mo ti rí ọmọ tó wà ní 110 tó bọ́ sí 70 níṣojú mi torí pé ẹnì kan ń wá ohun tí kò sọnù nínú ọ̀fun ẹ̀. Tí kò bá sí ohun tó dí i, má fà á. Ọmọ tó yàgbẹ́ sínú omi ìyá ẹ̀ náà ńkọ́? Láyé ìgbà tá a kọ́ṣẹ́, ọmọ tó bá ti rọ tó sì ní ìgbẹ́ dúdú yẹn lára, wọ́n gbọ́dọ̀ ki túúbù sí ọ̀nà atẹ́gùn ẹ̀ kí wọ́n fà á kó tó mí, èmi náà ti kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti yí ìlànà yẹn padà, wọ́n rí i pé kò ṣèrànwọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ, ó kàn ń fi àkókò ṣòfò. Ìgbájú, gbígbé ọmọ sorí kodò, omi tútù, àlùbọ́sà tí wọ́n fún sí imú, mi ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Omi tútù gan-an ló burú jù, ọmọ tó tutù kì í tètè jí.

Títẹ àyà wá nìyí, torí ó ní ọjọ́ tiẹ̀. Àyà ti ń gbéra dáadáa fún sẹ́kọ́ǹdì 30, o gbọ́ ọ, ó ṣì jẹ́ 4 tàbí 5. Ó ti di ti èèyàn méjì. Ẹnì kan á fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà ọmọ mú yí ká, àtàǹpàkò méjèèjì á wà lórí egungun àárín àyà, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí orí ọmú méjèèjì bára mu, á tẹ̀ ẹ́ wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta bí àyà ṣe nípọn, á jẹ́ kó padà wá pátápátá láì gbé ìka kúrò. Ìtẹ̀ mẹ́ta, ìmí kan, láàárín sẹ́kọ́ǹdì 2: "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, mí." Ìyẹn á jẹ́ ìtẹ̀ 90 àti ìmí 30 nínú ìṣẹ́jú kan. Ìgbà yẹn tí ọ́síjìn bá wà, ṣí i dé òkè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan gbáko kẹ́ ẹ tó dúró kà á, ẹ má máa dúró kà á ní gbogbo ìgbà, torí ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ti ń tì lọ á padà sẹ́yìn. Tó bá ti dé 60, ẹ fi títẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fi báàgì sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ ńkọ́, bó ṣe máa ń rí lóru ní ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà wa? Dúró ti báàgì. Ètò Helping Babies Breathe yẹn tí wọ́n ṣe fún irú ibi tiwa, kò sí títẹ àyà nínú ẹ̀ rárá.

Tó bá ṣì kọ̀, adrenaline, oògùn tó ń ta ọkàn jí, ló kù, inú ìwọ́ ni wọ́n ń gbà fún un, iṣẹ́ dókítà tàbí ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kó o mọ̀ níbẹ̀, ìgò kékeré tó sábà wà ní kọ́bọ́ọ̀dù wa, mílígíráàmù 1 nínú mílílítà 1 ni, ó le jù fún ọmọ tuntun ní ìlọ́po 10. Mílílítà 1 yẹn pẹ̀lú omi dríìpù saline mílílítà 9, nínú àpòpọ̀ yẹn ni wọ́n á ti fún ọmọ ní mílílítà 0.1 sí 0.3 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ fà á bó ṣe wà. Tí ọmọ bá ti pàdánù ẹ̀jẹ̀, saline mílílítà 10 fún kílò kan, díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10. Oògùn hydrocortisone àti aminophylline tí àwọn kan máa ń sáré fà, kò sí ohun tí wọ́n ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ kan wà tí kò tẹ̀ lé gbogbo èyí, kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kó o má bàa tẹ ẹni tí kò yẹ ní títẹ̀. Ọmọ ń ké, ara ẹ̀ pọ́n, ó ń mí bó ṣe yẹ, o gbọ́ ọkàn ẹ̀, 55, ó dúró síbẹ̀ kò lọ kò bọ̀. Ti ẹ̀ lè jẹ́ pé wáyà inú ọkàn ẹ̀ ló já, a máa ń rí i lára ọmọ tí ìyá ẹ̀ ní àìsàn lupus, àìsàn tí ara fi ń bá ara ẹ̀ jà, nígbà míì ìyá gan-an ò tíì mọ̀ pé òun ní in. Irú ìyẹn, jẹ́ kó gbóná, wo bó ṣe ń mí, sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé.

Ọmọ tó bá lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí báàgì, má jẹ́ kí ìdùnnú igbe ẹ̀ mú ẹ gbàgbé pé ọpọlọ ẹ̀ náà ti pebi. Jẹ́ kí ìgbóná ara ẹ̀ wà láàárín 36.5 sí 37.5, wo ṣúgà ẹ̀, wo bóyá ó ń gbọ̀n tàbí ó ń fi ẹnu jẹ afẹ́fẹ́ bí ẹni ń mu ọmú, ojú tó dúró síbì kan, gìrì nìyẹn. Pe àwọn tó wà ní OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, kẹ́ ẹ tó gbéra kí wọ́n lè máa retí yín, kí ẹni tó mọ báàgì fún jókòó ti ọmọ nínú ọkọ̀, ẹ má gbé ọmọ fún ìyá-ìyá lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àdúrà nìkan. Bí wọ́n ṣe ń mú ara ọmọ tutù sí bíi 33.5 fún wákàtí 72 láti dáàbò bo ọpọlọ, wákàtí 6 àkọ́kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni má lọ fi yìnyín sára ọmọ nílé o. Ọmọ tiẹ, ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ń fa ọmú dáadáa, àmì rere gidi nìyẹn. Ní kí ìyá ẹ̀ gbé e wá kí dókítà tún un wò, kó o sì kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú aago ẹ̀ sínú káàdì, tó ò bá tíì kọ ọ́.

Ó wá ku mátírọ̀nì. Má gbé ìwé ìlànà kankan lọ já wọn lójú, má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé o kọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi. Tí iṣẹ́ bá parí, wọlé lọ bá wọn, kúnlẹ̀, bẹ̀ wọ́n lórí ohùn tó o fi dá wọn lóhùn níwájú aláboyún, torí ìyẹn ló dùn wọ́n ju báàgì lọ, mo mọ̀ torí àgbà ni mí. Ohun tó o ṣe fún ọmọ ò nílò ẹ̀bẹ̀, má bẹ̀bẹ̀ fún un. Wá sọ pé, "Mà, ọkàn mi ò balẹ̀ lórí bí mo ṣe ń di másíìkì mú, ẹ bá mi wò ó." Kò sí agbẹ̀bí àgbà tí irú ìyẹn ò ní rọ̀ lójú. Ẹ wá bèbí kan, kí gbogbo yín máa fi ṣe é bíi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn fúnra wọn máa wo aago kí wọ́n sì máa pe ìwọ̀n ọkàn jáde lẹ́nu, "50", "80", kẹ́ ẹ ti pín iṣẹ́ sílẹ̀ kí ìyá tó wọlé: ta ló ń di báàgì, ta ló ń ka ọkàn, ta ló ń pe ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà, tí wọ́n ní kó o gbé báàgì wá, kọ́kọ́ yẹ inú ẹ̀ wò kó o tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, bóyá rọ́bà ẹnu pẹ́pẹ́yẹ yẹn wà níbẹ̀.